Ẹsẹ̀ Nínú Eré: Ìbéèrè Lórí Ẹ̀bi àti Ọlá Òṣèré Kékeré

Láti Ìpọ̀nrí dé Igànmú kò jìnnà. Ẹni tí ara rẹ̀ bá le lè fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ní Igànmú ni Gbọ̀ngàn Eré ti Orílẹ̀-èdè wà, ilé ńlá tí ó rí bí fìlà ọ̀gágun, tí a parí ní 1976 nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí a mọ̀ sí FESTAC, èyí tí ó wáyé ní 1977. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pe ilé náà. Ó ṣòro láti rí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìpọ̀nrí tí kò gbọ́ orúkọ yìí rí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ mọ̀ pé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ààrẹ Kongi nínú sinimá Kongi's Harvest, tí ó jáde ní 1970. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè ẹni tí ó ṣe Dókítà Gbénga nínú sinimá kan náà, àwùjọ yóò dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ Èkó ni ẹni náà. Orlando Martins ni orúkọ rẹ̀. Ní 1899 ni a bí i, ó sì ti ṣe eré nínú sinimá àwọn Òyìnbó fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ó tó bá Ṣóyínká pàdé nínú iṣẹ́ yìí.

Orúkọ Ìpọ̀nrí pàápàá tó ohun tí a lè fi ronú. Nínú ìgbàgbọ́ àwọn baba wa, ìpọ̀nrí ni ó so ènìyàn mọ́ orísun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orí ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ bọ ọ́, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi ohun ẹbọ kàn. Èyí fi hàn pé àwọn àgbà kò gbà pé ohun tí ó wà lókè nìkan ni ó ní láárí nínú ẹ̀dá. Ó yẹ kí a fi ọgbọ́n yìí wo ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré kékeré, àwọn tí í máa wọlé, tí í máa jáde, tí a kì í rántí orúkọ wọn nígbà tí iná gbọ̀ngàn bá tàn.

Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni èyí: bí ìtàn kan bá burú, tí ó ń ba orúkọ ènìyàn tàbí ti ẹ̀yà kan jẹ́, ǹjẹ́ ẹni tí ó kó ipa kékeré nínú rẹ̀ pín nínú ẹ̀bi rẹ̀? Bí ìtàn náà bá sì dára, ǹjẹ́ ó pín nínú ọlá rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò yára dáhùn pé kò pín nínú ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó pín nínú ti èkejì. Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n kò dọ́gba. Òṣùwọ̀n tí a fi wọn ọlá ni ó yẹ kí a fi wọn ẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ náà ti rí níbi tí ó ti gbilẹ̀. Ní Hollywood, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nígbà tí sinimá ṣì jẹ́ ohun tuntun, àwọn tí ń wá iṣẹ́ eré pọ̀ ju iṣẹ́ tí ó wà lọ. Ní 1925, àwọn ilé-iṣẹ́ sinimá para pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ Central Casting. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa pe àwọn tí yóò kún ojú àwòrán: èrò ọjà, ọmọ ogun, àlejò níbi àsè. Owó ojúmọ́ ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń gbà. Nítorí pé ibi kan náà ni a ti ń pè wọ́n, ojú kan náà ni ó ń padà wá láti inú eré kan bọ́ sí òmíràn. Obìnrin kan wà nínú wọn tí ń jẹ́ Bess Flowers. Ó fara hàn nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún sinimá, àgàgà níbi tí wọ́n bá ti nílò ọlọ́lá tí ó wọ aṣọ àsè. Márùn-ún nínú sinimá wọ̀nyí ni ó gba ẹ̀bùn Oscar gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó dára jù lọ nínú ọdún tirẹ̀. Ọkùnrin kan, Franklyn Farnum, tí ó ti jẹ́ olú òṣèré nígbà tí sinimá kò tíì ní ohùn, wá di ẹni tí í máa jókòó nínú irú àsè bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Àwọn méjèèjì wà nínú All About Eve ní 1950, wọ́n sì tún jọ wà nínú ọ̀pọ̀ mìíràn. Àìmọye òǹwòran ni ó ti rí wọn papọ̀, tí kò sì mọ̀ pé òun rí ẹnikẹ́ni.

Kò sí ẹ̀bi nínú jíjókòó níbi àsè. Àǹfààní ni ó wà níbẹ̀, nítorí pé bí kò bá sí ẹni tí ó jókòó, àsè kò ní jọ àsè, olú òṣèré yóò sì dà bí ẹni tí ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí ọ̀rọ̀ òṣèré kékeré bá mọ síbẹ̀ ni, ìbéèrè wa kì bá ti le.

Ṣùgbọ́n ti Orlando Martins yàtọ̀. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, lẹ́yìn náà ni ó fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé. Ó ru ẹrù ní ọjà ẹja Billingsgate, ó ja ìjàkadì fún owó, ó bá ẹgbẹ́ alárìnkiri tí ń fi ẹranko dá àrà rìn káàkiri. Ní 1928 ó wà lára àwọn akọrin nínú eré Show Boat, eré tí Paul Robeson, ọmọ Amẹ́ríkà dúdú tí òkìkí rẹ̀ kàn, kọrin nínú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Robert Adams náà wá láti Guyana. Olùkọ́ ni kí ó tó di oníjàkadì àti òṣèré. Níwọ̀n bí àwọn ènìyàn dúdú tí ń ṣe eré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà kò ti pọ̀, kò sí bí wọn kò ṣe ní máa pàdé. Ní 1936, wọ́n jọ wà pẹ̀lú Robeson nínú eré orí ìtàgé tí C. L. R. James kọ nípa Toussaint Louverture, akọni Haiti. Ní ọdún kan náà, wọ́n jọ wà nínú sinimá Song of Freedom. Ní 1946, wọ́n tún pàdé nínú Men of Two Worlds: Adams ni ọ̀mọ̀wé olórin tí ó padà sí Tanganyika láti gba àwọn ará abúlé rẹ̀ lọ́wọ́ àrùn, Martins sì ni Magole, adáhunṣe tí ó di ọ̀nà mọ́ ọn. Nínú The Hasty Heart ní 1949, ẹni tí ó ṣe olú òṣèré pẹ̀lú Richard Todd ni Ronald Reagan, ẹni tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1981. Martins ni ọmọ ogun Basuto tí ń jẹ́ Blossom, tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Èkó tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Èyí tí ó le jù nínú gbogbo wọn ni Sanders of the River, tí ó jáde ní 1935. Ilẹ̀ Nàìjíríà ni ìtàn náà ní òun ń sọ. Sanders jẹ́ ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó tí òun nìkan mú àlàáfíà wà láàárín àwọn ènìyàn dúdú. Bí ó bá ti kúrò, ìjà á bẹ́ sílẹ̀, bí ó bá sì padà dé, wọ́n á dákẹ́ bí ọmọ tí ó rí bàbá rẹ̀. Wọ́n kọ́ abúlé kan sí Shepperton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì kó àwọn ọmọ Áfíríkà àti àwọn ènìyàn dúdú mìíràn tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù àti Cardiff wá láti kún inú rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ èbúté. Robeson ni Bosambo, olórí tí ó ń sin Sanders. Martins wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan tí ó wá láti Kenya wà láàárín èrò pẹ̀lú: Jomo Kenyatta ni, ẹni tí ó di olórí orílẹ̀-èdè rẹ̀ nígbà tí ó gba òmìnira ní 1963. Ọkùnrin tí ó wá gba ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ajẹ́lẹ̀ ti fi ìgbà kan rí gba owó ojúmọ́ láti tẹrí ba fún ajẹ́lẹ̀ inú sinimá.

Ǹjẹ́ ó jẹ̀bi? Ẹni tí yóò gbè é lẹ́yìn á ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ènìyàn dúdú tí ń wá iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1935 kò ní ọ̀nà púpọ̀. Bí òun bá kọ̀, ẹlòmíràn yóò gbà. Sinimá náà yóò jáde síbẹ̀, òun nìkan ni yóò sùn lébi. Pẹ̀lúpẹ̀lù, a kì í ka ìwé eré sí etí àwọn tí ó kún ojú àwòrán. A ní kí wọ́n sáré, wọ́n sáré. A ní kí wọ́n hó yèè, wọ́n hó yèè. Ẹni tí kò mọ orí ọ̀rọ̀, báwo ni yóò ṣe jẹ̀bi ìdí rẹ̀?

Ẹni tí yóò takò ó á rántí òwe kan tí ó le: ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Kò sí ìtàn ìtẹ́nilẹ́yìn kan tí ẹnì kan ṣoṣo lè dá sọ. Bí ó bá jẹ́ pé Òyìnbó nìkan ni ó wà nínú Sanders, tí ó kun ojú rẹ̀ ní dúdú, àwọn òǹwòran ì bá fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ojú àwọn ọmọ Áfíríkà gan-an ni ó jẹ́ kí irọ́ náà dà bí òótọ́. Nítorí náà, ohun kékeré tí wọ́n fi sílẹ̀ ni irọ́ náà nílò jù lọ. Ní ti pé ẹlòmíràn yóò gbà á bí òun bá kọ̀, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹni tí ó bá bá wọn dìtẹ̀ ń sọ nìyẹn. Bí gbogbo wọn bá sọ ọ́, kò ní sí ẹni tí ó jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni ìwà ibi ti ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì ní òótọ́ nínú. Ṣùgbọ́n bí a bá wò wọ́n fínnífínní, a ó rí i pé ìwọ̀n ipa ni àwọn méjèèjì ń wò. Ẹ̀kíní ní ipa náà kéré, nítorí náà ẹ̀bi kò sí. Èkejì ní ipa náà kò kéré bí a ti rò, nítorí náà ẹ̀bi wà. Ó dà bí ẹni pé ìwọ̀n ipa kọ́ ni ó yẹ kí a fi wọn ẹ̀bi. Ohun méjì ni ó yẹ kí a bèèrè. Kí ni ẹni náà mọ̀? Kí ni ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ láti ṣe? Ìránṣẹ́ tí ó mọ̀ pé májèlé ni òun gbé lọ jẹ̀bi ju olóyè tí ó fún un ní ọtí láìmọ ohun tí a bù sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrú tí a fi idà sí lọ́rùn kò jẹ̀bi tó ọmọ olówó tí ó ṣe ohun kan náà nítorí ìyìn.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wo Shepperton, ẹ̀bi àwọn òṣìṣẹ́ èbúté yóò fúyẹ́. Wọn kò mọ púpọ̀, ohun tí wọ́n sì lè ṣe kò ju kí wọ́n padà sídìí ẹrù lọ. Ṣùgbọ́n kò parẹ́ pátápátá. Àwọn àgbà tún sọ pé bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹni tí a ní kí ó wólẹ̀ fún ajẹ́lẹ̀ nínú àwòrán, tí ó sì mọ bí ajẹ́lẹ̀ ti rí ní ilé, kò lè ní òun kò rí nǹkan kan. Ohun tí ó kù fún un lè má jẹ́ ẹ̀bi, ó lè jẹ́ ìtìjú. Àwọn méjèèjì kò sì dọ́gba. Ẹ̀bi ni ohun tí ayé lè kà sí ènìyàn lọ́rùn. Ìtìjú ni ohun tí ènìyàn ń kà sí ara rẹ̀ lọ́rùn nígbà tí ayé kò bèèrè.

Ibí yìí ni a ti kan ohun tí ó yà òṣèré kékeré sọ́tọ̀ gan-an. Nígbà tí Robeson rí bí wọ́n ti to Sanders pọ̀, ó sọ ní gbangba pé òun kò fara mọ́ ọn. Ayé gbọ́, wọ́n sì dárí jì í. Ṣóyínká pẹ̀lú kò fara mọ́ ohun tí sinimá Kongi's Harvest dà níkẹyìn, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Ayé gbọ́ tirẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ta ni ó bi àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Cardiff léèrè? Ẹni tí ó ní orúkọ ni ó lè kọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ohun tí kò wù ú. Ẹni tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò rí ohun tí yóò pa rẹ́. Ojú rẹ̀ yóò wà nínú àwòrán náà títí, kò sì ní sí ibi tí a kọ ọ́ sí pé ó kẹ́dùn. Òṣèré ńlá ń gba ọlá, ó sì tún ní àyè ìrònúpìwàdà. Òṣèré kékeré kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ìyà bá dé, kì í fo ẹni kékeré. Ní 1964, nígbà tí Hubert Ògúndé gbé eré Yorùbá Ronú jáde, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bínú sí i, wọ́n sì fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣeré ní agbègbè náà mọ́. Kì í ṣe Ògúndé nìkan ni a dè. Ẹni tí ń jó, ẹni tí ń lùlù, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó gbe orin lọ, gbogbo wọn ni òfin náà mú, títí di 1966 tí ìjọba ológun fi tú u. Ìjọba kò bèèrè ìwọ̀n ipa lọ́wọ́ ẹnì kan. Bí ó bá wá rí bẹ́ẹ̀, tí ẹni kékeré pín nínú ìyà ìtàn òtítọ́, ta ni yóò wá ní kò gbọdọ̀ pín nínú ọlá rẹ̀? Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń kọ lórin, àyè sì wà fún wọn láti lọ. Ẹni tí ó dúró yẹ fún ìyìn, ìbáà ṣe pé ẹ̀yìn ni ó dúró sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Láti ìgbà tí sinimá fídíò ti gbòde ní àwọn ọdún 1990, Súrùlérè ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ sinimá fi ṣe ibùjókòó. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ síbi tí wọ́n ti ń yan òṣèré. Àwọn oníṣẹ́ náà ní orúkọ fún ẹni tí a kàn ń gbà kí ó kọjá lójú àwòrán: wákà-páàsì ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà dára, nítorí pé ó sọ ohun tí ẹni náà rò nípa ara rẹ̀: mo kàn ń kọjá ni. Ṣùgbọ́n wákà-páàsì kò mọ sí inú sinimá. Ó wà ní ọ́fíìsì, níbi tí akọ̀wé kékeré ti ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé tí ó mọ̀ pé ayédèrú ni. Ó wà níbi ìdìbò, níbi tí ọmọdékùnrin ti ń gbé àpótí kọjá fún ẹni tí kò ní rí ojú rẹ̀ mọ́. Ó tilẹ̀ wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ìdáhùn, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbà á, ẹni tí ó jókòó láàárín àwọn méjèèjì kàn gbé e kọjá. Bí a bá mú un, yóò ní, "Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, èmi kọ́ ni mo lò ó." Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí idà lọ́rùn rẹ̀. Ìdáhùn àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Cardiff kò lè gbà á sílẹ̀.

Ojúṣe wà fún olùkọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí a bá ń kọ́ni ní eré onítàn, olú ẹ̀dá-ìtàn ni a sábà máa ń lo àkókò lé lórí, nítorí pé òun ni ìdánwò ń bèèrè. Nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, Ẹfúnṣetán pàṣẹ ikú Adétutù, ẹrú rẹ̀, nítorí pé ó lóyún. Gbogbo kíláàsì ni yóò dá Ẹfúnṣetán lẹ́bi, wọn kò sì ṣì í. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ bi wọ́n ní ìbéèrè kan sí i: àwọn tí ó mú àṣẹ náà ṣẹ ńkọ́? Kí ni wọ́n mọ̀? Kí ni wọn ì bá ṣe? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ti kọ́ ohun tí ó ju ìdánwò lọ.

Ìtàn Ifá kan sọ pé gbogbo orí péjọ ní ìgbà kan láti ṣe ìpàdé, wọn kò sì pe ẹsẹ̀. Ìpàdé náà kò yọrí sí rere títí wọ́n fi ránṣẹ́ pe ẹni tí wọ́n fojú fò. A sábà máa ń fi ìtàn yìí kọ́ni pé kí orí má ṣe kẹ́gàn ẹsẹ̀. Ó tún kọ́ ẹsẹ̀ náà lẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé láìsí ẹsẹ̀ ìpàdé kò lè yọrí, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ ní ohun kan lọ́wọ́: ó lè lọ, ó sì lè kọ̀ láti lọ. Ẹni tí ó bá gba ọlá yìí kò lè ju ẹrù tí ó bá a rìn nù.

Orlando Martins padà sí Èkó ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1985. Nínú Magole, nínú Blossom, nínú Dókítà Gbénga, ojú rẹ̀ ṣì wà. Kò tọ́ kí ẹni tí ó bá rí i lónìí yára yìn ín tàbí kí ó yára dá a lẹ́bi. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí a kọ́kọ́ mọ orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí a bi í ní ohun tí a kò bi í nígbà tí ó wà láyé: kí ni o mọ̀, kí sì ni ọwọ́ rẹ lè ká? Ìbéèrè kan náà ni kí olúkúlùkù fi bi ara rẹ̀ kí ó tó gbé ìwé tí a nà sí i kọjá.